Ọ̀nà Ọjọ́ Mẹ́ta

Ìwé ìkọ̀wé kan wà lórí tábìlì ìjẹun wa ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí wọ́n tẹ ìṣirò ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó mi ló rà á. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé: Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, kí á gba orí òkè. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ márùn-ún sí apá òsì, ó sì kọ iye kìlómítà tí a óò rìn lójoojúmọ́ sí apá ọ̀tún: méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́jọ, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún. Àádọ́rin ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, mi ò sì kí ń gba ìṣirò ẹnikẹ́ni gbọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá jù lọ ti ìyàwó mi.

Kí ẹ má rò pé orí wa dàrú. A mọ̀ pé mọ́tò wà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, yóò ti jókòó sí Oǹdó kí oúnjẹ náà tó dà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, ọmọ bíbí Oǹdó, gbọ́ ìtàn kan láti kékeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, òun àti ìyá tirẹ̀ máa ń ru ẹja gbígbẹ láti Oǹdó, wọ́n á tà lára rẹ̀ ní Ìdànrè, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀, wọ́n á sì gbé ìyókù dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á sùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì dé ní ọjọ́ kẹta. Ìyá náà sọ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀: ìdí ìrókò kan, etí odò kan, abẹ́ àpáta kan tó ṣíji bo ilẹ̀. Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ní a óò rìn ín láti ìhín lọ, láti ilé wa dé ẹnu ọ̀nà ìyá òun.

Èmi ni mo wọn ọ̀nà náà. Mo ní máàpù àtijọ́ kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo mú òwú dúdú nínú àpótí ìránṣọ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìyípo ọ̀nà lórí máàpù náà, mo wá nà án tọ rúlà. Bí a ṣe mọ̀ pé àádọ́rin ni nìyẹn. Èmi wá ní kí á pín in dọ́gba: mẹ́rìnlá lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó tán. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó gba òdo.

“Òwú yín ò gun òkè rí,” ló wí. “Ọjọ́ òkè, mẹ́jọ ti tó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà, kí á má rìn púpọ̀, kí á tan ẹsẹ̀ jẹ, kó má tètè mọ̀ pé ìrìn àjò ló dé.”

“Ọjọ́ ìkẹyìn ńkọ́? Nígbà tó ti rẹ èèyàn tán lo wá kọ méjìdínlógún sí?”

“Tí mo bá ti ń gbóòórùn ilé ìyá mi, ẹ ò ní lè bá mi.”

Ìjà tí a jà lórí ìwé yẹn, ìjà adùn ni. Láràárọ̀ ni a ń rìn yí ká Ijapo láti fi múra sílẹ̀, òun á wà níwájú, èmi á máa ka ìṣísẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ wa obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, fi bàtà ìrìn méjì ránṣẹ́ láti Kánádà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí á gbéra ni ìyàwó mi ṣubú nínú ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Ó lo ọjọ́ méjì ní ilé ìwòsàn, ó sì kú ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

Kí á tó gbé e sin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti dé láti Oǹdó pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n sì sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé wọn yóò sọ. Ìyá kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀ sọ fún un pé òun ló kù tí yóò máa sunkún ọmọ? Bí ó bá kú mọ́ ẹni tó sọ ọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Ọmọ wa ní Kánádà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Wọ́n ní kí á sọ pé ìyàwó mi ti lọ bá a gbé ọmọ. Mo gbà. Gbogbo wa gbà. Irú ẹ̀ pọ̀ láyìíká wa, ilé tí wọn ò ti ṣe é rí kò pọ̀.

Irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà bí ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ aṣọ. Nígbà tí ìyá ní kí ló dé tí ọmọ òun kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun láti òkè òkun, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ra kádígàn aláwọ̀ pupa kan ní Ọjà Ọba, ó yọ ìwé iye owó rẹ̀ kúrò, ó sì gbé e lọ fún un. Inú ìyá dùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ̀ ọ́, àní nínú oòrùn. Tí ó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́kì kò dára.

Èmi ò lè lọ síbẹ̀ mọ́. Mo lè dákẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa pa irọ́ fún un, mo ti fi ara mi hàn ní ti ìyẹn, ṣùgbọ́n kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá yẹn kí n sì gbé ojú sókè pẹ̀lú Kánádà lẹ́nu mi, ó ju agbára mi lọ. Oṣù kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́wàá. Mo ń jẹun nídìí tábìlì tó ní àga mẹ́rin. Mo ń ṣí rédíò kí ohùn kan lè wà nínú ilé, mo sì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn. Àdáwà ni mo wà, kí n má parọ́ ní èyí náà. Àdáwà tó fi jẹ́ pé mo máa ń gbàgbé bí ohùn mi ṣe ń dún títí ọmọ mi yóò fi pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ó pé oṣù mẹ́rìnlá tí ìyàwó mi ti kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá ní kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá lọ sí Kánádà, ṣé ọkọ rẹ̀ náà lọ ni?”

Òun rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo gbọ́dọ̀ lọ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí ìyá náà má baà kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ òun àti ọkọ ọmọ òun ti kọ òun sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo kàn fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi ni mo mú un dé, kì í ṣe aládùúgbò ẹlẹ́nu kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí gáréèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó sínú mọ́tò Oǹdó, tí mo sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó kún tán. Lẹ́ẹ̀kejì, dẹ́rẹ́bà bú mi, ó ní ṣé àga mọ́tò òun ni mo wá fi ṣe ibi ìsinmi. Ó tọ́ kó bú mi. Ìrìn mọ́tò kò tó láti fi wá ọ̀rọ̀ náà. Kí n tó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó ti dé.

Bí mo ṣe dé ilé, mo ṣí ìwé ìkọ̀wé náà. Mo yí ewé ti ìyàwó mi kọjá, mo fa ìlà tèmi. Mo pín ọ̀nà náà sí ọjọ́ mẹ́wàá. Mo kọ: mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Ìyẹn gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè. Ọjọ́ òkè, mẹ́jọ, nítorí pé òkè kò ṣeé pín. Èèyàn kì í sùn sórí àpáta ní ọjọ́ orí mi. Lẹ́yìn náà, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje, márùn-ún, mẹ́rin, méjì. Mo ṣírò ó. Àádọ́rin ni. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé nítorí orúnkún mi ni mo ṣe ń dín in kù. Tí ọmọ iléèwé kan bá mú irú ètò yẹn wá fún mi, màá ní kí ó lọ tún un ṣe. Ẹni tó ti la òkè kọjá, tó wá dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ló yẹ kó ti rìn jù. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kankan nínú ilé yẹn yàtọ̀ sí mi.

Mo tún pín ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe pín ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: ọmọ yín ti kú. Mo ní tí n bá fi ọjọ́ mẹ́wàá gbé e, á fúyẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni mo gbéra, nígbà ọyẹ́. Mi ò sọ fún ọmọ mi, mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Nítorí àwọn ajínigbé, ọ̀nà oko tí èèyàn ń rìn dáadáa ni mo gbà, mo sì ń dúró kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ń fi ara mi han àwọn ọlọ́dẹ ní abà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo gbé kò pọ̀: omi, gààrí, ẹ̀pà, aṣọ méjì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi, àti ìwé náà.

Ohun tí n kò fi sínú ìṣirò ni àwọn èèyàn. Nílẹ̀ wa, àgbàlagbà kì í fi ẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà, kí ó sì tún di ẹrù sẹ́yìn, àfi tí nǹkan bá ṣe é. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kadà mọ́kànlá ló dúró fún mi. Mo kà wọ́n. Wọn ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn ń tijú fún mi ni. Èyí tó le jù nínú wọn pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gùn ún. Ẹ̀yìn mi ṣófo.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Mò ń na ẹsẹ̀ ni.”

“Ẹ ń nà á dé ibo?”

“Oǹdó.”

Ó wò mí láti orí dé bàtà. “Ẹ ò bímọ ni? Àbí ta ló kú?”

“Ẹnikẹ́ni ò kú,” ni mo wí, ó sì yá mi lẹ́nu bí ẹni pé mo ti ń kọ́ ọ tipẹ́. Ó ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Èmi dúró sójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́rìnlá tí mo fi gba irọ́ yẹn lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ báyẹn rí. Inú bí mi sí ara mi gan-an ni. Mo fi ìbínú rin kìlómítà méjì tó kù, mo sì dé abà ọjọ́ náà kí aago mọ́kànlá tó lù.

Báyìí ni àwọn ọjọ́ náà ṣe ń lọ. Ní ìdájí, ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, mi ò sì rí ju igi kòkó mẹ́ta lọ níwájú. Mò ń rìn, mò ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ nínú. Mo rí etí odò tí ìyá rẹ̀ ń sọ, afárá kọnkéré ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Ìrókò náà ni mi ò rí. Wọ́n ti gé e. Mo fẹ́ yíjú sọ fún un pé wọ́n ti gé e, mo sì bá ara mi tí mo dúró, tí mo la ẹnu sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà òfìfo. Tí ọ̀sán bá pọ́n, mo ti dé ibi tí ètò wí, nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì fẹ́ rìn. Màá wá jókòó síwájú ilé ẹni ẹlẹ́ni, kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń sá àgbàdo sóòrùn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mi ò mọ̀ pé ọ̀sán gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ń fún mi ní oúnjẹ, wọ́n ń bi mí ní ọ̀rọ̀ oko àti ti ìjọba, mo sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé ara mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin mo gun òkè. Mo gùn ún lọ́nà àtijọ́, mo ń fi ọwọ́ ti orúnkún mi ní gbogbo ibi tó ga, mo ń sinmi ní gbogbo ogún ìṣísẹ̀. Òun ló jàre, òwú mi kò gun òkè rí. Nígbà tí mo dé orí àpáta gbòòrò kan, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo rí ilẹ̀ lọ títí, òrùlé pánù àti igbó, ìhà ibi tí mo ti wá àti ìhà ibi tí mò ń lọ. Mo ní ó yá, jẹ́ kí n dán an wò. Mo sọ ọ́ síta: “Màmá, ọmọ yín ti kú.” Ó le jù. Mo ní, “Màmá, ọmọ yín ti sinmi.” Ìyẹn dún bí ìwé ìkéde òkú. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́.” Ibẹ̀ ni mo dé tí ẹkún gbà mí. Mo jókòó sórí àpáta, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì mọ ìdí tó fi yẹ kí á jẹ́ méjì tí a óò gun òkè náà. Ó yẹ kí ẹnìkan máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ mi sì ti le. Ó yẹ kí n lè rin ogún kìlómítà. Méje ni mo rìn, márùn-ún ni mo rìn. Ní ọjọ́ tó jẹ́ mẹ́rin, mo ti dé ibi tí mo ń lọ kí ìrì tó gbẹ lórí koríko. Abà kan ni, ó wà lẹ́yìn odò kékeré kan, ó sì ní igi ọsàn márùn-ún. Bàbá tó gbà mí sílé béèrè pé ṣé mo mọ̀ pé Oǹdó kò ju ibẹ̀ yẹn lọ. Ó nawọ́ sí i. Mo ní mo mọ̀, orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ gbé ìró agogo ṣọ́ọ̀ṣì wá, agogo àdúrà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti so wá pọ̀ ni. Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn, mo gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́, mi ò sì dìde.

Ọjọ́ kẹwàá, kìlómítà méjì. Mo rìn ín bí ẹni tí wọ́n ń fà.

Ìyá wà níta, lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, kádígàn pupa náà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ti de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ sí ọjà. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Màmá. Tíṣà.”

“Tíṣà! Ọkọ ọma mi!” Oǹdó paraku ni ìyá, “ọma” ni wọ́n ń pe ọmọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ wọn, èmi ni mo yí i padà kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Màmá fa ọwọ́ mi, wọ́n mú mi jókòó, wọ́n fi ọwọ́ kan ṣòkòtò mi. “Irú eruku wo nìyí?”

“Mo fẹsẹ̀ rìn ni, Màmá. Mo gba Ìdànrè, mo gba orí òkè.”

Ojú wọn là. Mi ò rí i kí ojú àgbàlagbà là báyẹn rí. Wọ́n ní kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti odò, mo sọ ti abẹ́ àpáta. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ pé wọ́n ti gé ìrókò, Màmá sì bú àwọn tó gé e. Wọ́n ń bi mí níbi tí mo sùn, mo ń kà á fún wọn, ọjọ́ kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n sì ń fi ìka wọn kà á tẹ̀ lé mi. Nígbà tí ìka ọwọ́ kan tán, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ kejì, ẹ̀rín wọn sì ń dín kù. Mo rí i pé ó ń dín kù. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.

“Lánàá ńkọ́? Níbo lo sùn lánàá?”

“Lẹ́yìn odò kékeré yẹn, Màmá. Níbi tí igi ọsàn wà.”

Wọ́n ní, “Èèyàn ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ.”

“Tí a bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, tí a bá dé ibẹ̀ yẹn, eré la máa ń sá. Ìyá mi á ní kí n má sáré, kí n má baà fẹsẹ̀ kọ, òun alára á sì máa sáré.” Wọ́n wo ìka wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà ní nínà lórí itan wọn. “Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta ni, Tíṣà. O ò ru ẹja. O ò ru nǹkan kan lórí. Ẹni tó ń mú ohun rere bọ̀ kì í sùn síbi tó ti ń gbọ́ agogo ilé.”

Mo la ẹnu. Gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́wàá kó jọ, kò sí ọ̀kan níbẹ̀.

“Ìgbà wo ló kú?”

“Ó ti lé lọ́dún kan, Màmá.”

Wọn ò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ kan bo ẹnu, wọ́n sì ń mi síwá-sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bẹ̀rù ni mo rò pé ó dé yìí, mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ wọn kejì mú, mo ń wo bí àyà wọn ṣe ń lọ sókè sódò. Kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó pẹ́, wọ́n bi mí bóyá ó jẹ̀rora. Mo ní ọjọ́ méjì péré, kò sì mọ nǹkan kan ní èkejì. Wọ́n bi mí bóyá a sin ín dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tú bọ́tìnnì kádígàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ká a sórí itan.

“Èyí ńkọ́? Níbo ni ó ti wá?”

“Ọjà Ọba, Màmá.”

“Ó gbóná púpọ̀,” ni wọ́n wí.

Mo yọ ìwé ìkọ̀wé náà, kí n lè ní nǹkan lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé àwa méjèèjì la fẹ́ rìn ín, pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀ kí ó tó kú. Wọ́n ní kí n ka tirẹ̀. Mo kà á: méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́jọ, ìyẹn ọjọ́ òkè. Mẹ́tàdínlógún. Méjìdínlógún.

Wọ́n ní kí n tún méjì tó kẹ́yìn kà. Mo tún un kà.

“Ọma tó ń bọ̀ nílé nìyẹn,” ni wọ́n wí, omijé wá ń dà lójú wọn.

A jókòó báyẹn títí oòrùn fi dé ẹsẹ̀ wa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rìnlá, ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń sunkún ohun tí mò ń sunkún. Nígbà tí a gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ìyá nu ojú wọn. Wọ́n na kádígàn náà sí mi kí n bá wọn wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kó tó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Màmá, ẹ káàsán. Ọmọ yín pè láti Kánádà lánàá o. Ó ní kí n kí yín dáadáa.”

“Kí òun náà,” ni ìyá wí. “Sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti dé. Ó pẹ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dé.”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yíjú, ó rí mi, ó sì ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà mi.